Ọdẹ́jìnmí Lọ sí Ìlú Ibìkan

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ìtàn tí mo gbé wá lónìí kò ṣe é pariwo sọ, etí tó sún mọ́ ẹnu ló ń fẹ́. Ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ ohun tí ojú mi ti rí. Èmi yìí ti jókòó ti ẹkùn rí, tí àwa méjèèjì tẹjú mọ́ ara wa títí oòrùn fi kúrò lórí, òun ló kọ́kọ́ wo ibòmíràn. Nítorí náà, bí mo bá ní kí ẹ gbọ́...

Tìámíyù! N kò tíì la ẹnu tán, o ti dìde. Níbo lò ń lọ?

"Bàbá, mò ń lọ síbì kan. Mò ń bọ̀ báyìí."

Ẹ gbọ́ o! Baba ọlọ́mọ mẹ́ta, ó ní òun ń lọ síbì kan. Jókòó. Mo ní kí o jókòó jàre! Ìtàn ìgbín tó gbé ìkarahun rẹ̀ yá ẹlòmíràn ni mo fẹ́ sọ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ yìí ti yí ìtàn padà. Ẹyin lohùn. Ó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ, jẹ́ kí n fi hàn ọ́ bó ṣe ń fọ́.

Ní ìlú Ìdí-Ahùn, nígbà tí igbó ṣì ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, ọdẹ kan wà tó ń jẹ́ Ọdẹ́jìnmí. Ó ga, ọwọ́ rẹ̀ dá lórí ìbọn, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kì í pẹ́ ru. Bí eṣinṣin bá bà lé e nímú lẹ́ẹ̀mejì, yóò bi í bóyá ẹjọ́ wà láàárín wọn. Ìyàwó rẹ̀ ń jẹ́ Àwẹ̀ró, obìnrin tí ohùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tó sì ń dé gbogbo igun ilé. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, ìbéèrè kan náà ni Àwẹ̀ró máa ń bi í: "Bàbá Ìbídùn, níbo lẹ̀ ń lọ?" Ìdáhùn kan náà ni ọkọ rẹ̀ sì ní: "Mò ń lọ síbì kan." Ìbáà jẹ́ oko, ìbáà jẹ́ ilé àgbẹ̀dẹ, ìbáà jẹ́ pé ó fẹ́ da omi nù lẹ́yìnkùlé, ibì kan ni. Ó gbà pé ọkùnrin tó bá ti ń ṣàlàyé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ti di ẹni tí wọ́n so mọ́lẹ̀.

Nígbà tí Olúọdẹ ìlú wọn papò dà, oyè kan Ọdẹ́jìnmí. Ṣùgbọ́n ní Ìdí-Ahùn, wọn kì í fi ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ jẹ Olúọdẹ. Ẹni tí oyè bá kàn gbọ́dọ̀ rin ìrìn àdárìn. Òun nìkan ni yóò lọ, kò ní mú ajá, kò ní mú ọ̀rẹ́, yóò lọ jìnnà fún àádọ́rùn-ún ọjọ́, kí ó lè rí irú ẹni tí òun jẹ́ níbi tí kò sí ẹni tó ń kì í. Bí iṣu titun bá sì wọlé kó tó dé, oyè di ti Láníhùn, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀, ẹni tó ti ń wọn fìlà oyè wò lórí ara rẹ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú.

Bàbá Ọdẹ́yalé tó dàgbà jù nínú àwọn ọdẹ pè é.

"Ọdẹ́jìnmí, ẹnu ara rẹ ni kí o fi dárúkọ ibi tí ò ń lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yàn án fún ọ. Ọ̀nà igbó yẹn létí, ohun tó bá gbọ́ ló máa ń ṣe. Bí o bá sì padà, ilẹ̀kùn ilé rẹ ni kí o kàn. Gbogbo àwa ọdẹ á wà nínú ilé, a ó pa ẹnu mọ́. Àwẹ̀ró nìkan ni yóò bá ọ sọ̀rọ̀ láti inú. Ìwọ náà mọ̀ pé ìwin a máa gbé awọ ọdẹ wọ̀ wálé. Bí Àwẹ̀ró bá ní ohùn tó wà níta kì í ṣe ti ọkọ òun, ìbọn la ó fi kí ọ káàbọ̀."

"Mo gbọ́, Bàbá."

"Níbo lo wá ń lọ?"

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n rò ó."

Ẹ gbà mí! Láti ọjọ́ náà ni ilé Ọdẹ́jìnmí ti di ọjà. Ìyá Àwẹ̀ró ló kọ́kọ́ dé.

"Ọkọ ọmọ mi, lọ sí Odò Arómimásun. Wọ́n ní iyọ̀ ibẹ̀ dùn ju tiwa lọ. Bí o bá ti mọ ara rẹ tán, bá mi bu igbá méjì bọ̀."

Ògúngbadé alágbẹ̀dẹ ní irọ́ ni, Òkè Olóhùn-Méje ló dára. "Atẹ́gùn ibẹ̀ á tún ọ dá. Tó o bá sì dé ọ̀hún, bá mi bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń rọ àdá tí ojú rẹ̀ kì í kú."

Láníhùn náà wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ̀gbọ́n, Igbó Àlọìbọ̀ ni kí ẹ lọ. Ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́."

"Ta ló ti lọ rí tó wá ròyìn rẹ̀ fún ọ?"

"Ẹ̀gbọ́n, n kò tíì gbọ́ kí ẹni tó lọ ráhùn."

Bí ó bá yan Odò Arómimásun láàárọ̀, tó bá di ọ̀sán, yóò ní ìyá ìyàwó òun ló yàn án, kì í ṣe òun. Bí ó bá yan Òkè Olóhùn-Méje, yóò máa rí àdá Ògúngbadé níwájú. Ẹni tó ní ọ̀nà kan lè ṣìnà. Ẹni tó ní ọ̀nà mẹ́sàn-án ti sọ nù kó tó jáde nílé. Ọjọ́ méje ló fi wà bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kẹjọ, ó gbaná jẹ, ó so àpò kọ́ èjìká, ó gbé ìbọn, ó mú okùn ìta-kókó rẹ̀, èyí tí ọdẹ máa ń ta ní kókó kan lójúmọ́ kí ọjọ́ má baà dàrú mọ́ ọn lójú.

Àwẹ̀ró ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó di àádùn sínú ewé, ó fi lé e lọ́wọ́.

"Bàbá Ìbídùn, níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Ìwọ náà tún dé!"

"Kì í ṣe pé mo fẹ́ tẹ̀ lé yín. Kí n kàn lè mọ ibi tí n ó máa kọjú sí bí mo bá ń dúró dè yín ni."

"Mò ń lọ síbì kan!" ni Ọdẹ́jìnmí wí, kò sì wẹ̀yìn.

N kò ní fi ìrìn ẹsẹ̀ dà yín láàmú. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye òkè tó gùn, kó lọ gùn wọ́n fúnra rẹ̀. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ó dé ibi tí ọ̀nà ayé ti tán pátápátá, tí ó dà bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé e. Níbẹ̀ ni ìwin kan jókòó lórí ògán. Eékún rẹ̀ ni irùngbọ̀n rẹ̀ ti hù, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì ni ojú rẹ̀ wà, tó fi jẹ́ pé bó bá fẹ́ wo ènìyàn, ńṣe ni yóò na ọwọ́ bí ẹni tó ń tọrọ àkàrà. Abẹ́ abíyá rẹ̀ ni ó ká ọ̀nà sí bí ẹní. Akáọ̀nà lorúkọ rẹ̀. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí ti fojú kan irùngbọ̀n náà rí, ṣùgbọ́n ìyẹn di ọjọ́ mìíràn.

"Ọdẹ, o kú ìrìn. Níbo ni kí n tẹ́ ọ̀nà yìí dé fún ọ?"

Inú Ọdẹ́jìnmí hó yaya. "Ṣé Àwẹ̀ró ló rán ọ ni?"

"N kò mọ Àwẹ̀ró. Iṣẹ́ mi ni mò ń ṣe. Dárúkọ ibẹ̀."

"Mò ń lọ síbì kan."

Ìwin na ọwọ́ òsì, ó fi wò ó. Ó na ti ọ̀tún, ó tún fi wò ó. "Ibìkan? Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ṣé etí rẹ náà wà ní àtẹ́lẹwọ́ ni? Mo ní ibì kan!"

"Ó dáa. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ pọ̀ níbẹ̀." Ó ju ọ̀nà náà sílẹ̀, ó ń tú gbirigbiri lọ sínú igbó, ó ń rẹ́rìn-ín títí irùngbọ̀n rẹ̀ fi ta kókó.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọdẹ́jìnmí kò mọ̀. Ó ṣe bí òun ti fi ẹnu gbọn ìwin dànù ni.

Kò tíì rìn jìnnà tí nǹkan kan fi mi igbó. Ó ní, "Ẹranko kan nìyẹn," ó sì yìnbọn sí i. Ẹranko náà bọ́ sójú ọ̀nà. Bí Ọdẹ́jìnmí bá wò ó báyìí, ó ní ìwo ẹfọ̀n. Bó bá ṣẹ́jú, ìrù òkété ló rí. Bó bá tún ṣẹ́jú, ìyẹ́ ni. Ọta ń gba ara rẹ̀ kọjá bí ẹni sọ òkúta sínú èéfín. Ó kan Ọdẹ́jìnmí mọ́lẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó fi ìdí jókòó lé e láyà. Ọdẹ́jìnmí pe ọfọ̀, ọfọ̀ kò mọ ẹni tí yóò mú. Nígbà tí èémí rẹ̀ kù díẹ̀, inú bí i, ó kígbe pé, "Kí ni ìwọ yìí gan-an? Etu ni ọ́! Etu ni ọ́, o ò ju bẹ́ẹ̀ lọ!" Lójú ẹsẹ̀, ẹranko náà di etu kékeré, ó wò ó tìtìjú-tìtìjú, ó sá lọ. Ọlọ́gbọ́n ìbá ti kọ́gbọ́n níbẹ̀. Ọdẹ́jìnmí gbọn eruku aṣọ, ó ní etu ìsinsìnyí ti yájú jù.

Ibi tí ọ̀nà ti tẹ́ tán ni ìlú náà wà. Ilé ibẹ̀ kò rí róbótó, kò ní igun. Àwọn ọkùnrin jókòó káàkiri, ọ̀pọ̀ wọn gbé àpò kọ́ èjìká bí ẹni tó fẹ́ jáde.

"Ẹ kú ilé o. Ìlú wo nìyí?"

"Ibìkan ni," ni ọ̀kan nínú wọn wí. "Ẹnìkan, káàbọ̀."

"Èmi kì í ṣe Ẹnìkan. Ọdẹ́jìnmí ni wọ́n ń pè mí."

"Kò burú. Bó bá pẹ́ díẹ̀, á rọra bọ́."

"Ta ni baálẹ̀ yín?"

"Ẹnìkan."

"Kí lẹ̀ ń ṣe níbí?"

"A ń ṣe nǹkan."

"Ìgbà wo lẹ ti dé?"

"Lọ́jọ́ kan."

Wọ́n gbé oúnjẹ fún un. Ó tọ́ ọ wò. Kì í ṣe iṣu, kì í ṣe ẹ̀kọ, ó dà bí ìgbà tí wọ́n se aṣọ. "Kí ni mò ń jẹ yìí?" Wọ́n ní, "Nǹkan ni." Ọdẹ́jìnmí pariwo, ó ní kí wọ́n pe ẹni tó ní làákàyè fún òun. Wọ́n ní ẹnìkan ń bọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ìlú náà le, nítorí kò sí ohun tó ń dunni níbẹ̀. Kò sí ẹni tó ń bi ọ́ níbo lò ń lọ. Ọdẹ́jìnmí kọ́kọ́ ní ara tù òun. Ó ń jókòó, ó ń dìde, ó ń lọ síbì kan nínú Ibìkan, ó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan ó fẹ́ ronú kan ajá rẹ̀ tó fi sílé, orúkọ ajá kò wá. Ó ní ajá ni, kò sí ìyọnu. Lẹ́yìn èyí ni orúkọ ìlú rẹ̀ lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ṣáà ń ta kókó sára okùn lójoojúmọ́, nítorí ọwọ́ ọdẹ kì í gbàgbé. Títí di àárọ̀ tí ó ká okùn náà sórí ẹsẹ̀, ó wò ó, ó wò ó, ó yíjú sí ẹni tó jókòó tì í.

"Jọ̀wọ́, okùn kí ni èyí?"

Onítọ̀hún ní, "Okùn kan ni."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí i létí bí omi tútù. Okùn kan kẹ̀! Ó ka kókó náà, ó di ọgọ́rin. Ó mọ̀ pé ohun kan wà tí yóò ṣẹlẹ̀ bó bá di àádọ́rùn-ún, kò mọ ohun náà. Ó gbá ìbọn rẹ̀ mú, ó sáré lọ sẹ́nu odi ìlú náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀kùn ńlá tó wà níbẹ̀.

Ohùn kan dáhùn láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. "Ta ni yẹn?"

"Èmi ni."

"Èmi kẹ̀? Èmi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn níbí, mò ń jẹun lọ́wọ́. Ìwọ ta ni?"

"Ọdẹ ni mí!"

"Iṣẹ́ rẹ nìyẹn."

"Èmi tí mo pa ẹfọ̀n mẹ́ta lọ́jọ́ kan ṣoṣo!"

"Àwọn ẹfọ̀n ni kó wá jẹ́rìí sí i."

"Ọmọ bàbá mi ni mí!"

"Gbogbo wa kúkú ni."

Ó fẹ́ dárúkọ ara rẹ̀. "Ọdẹ́..." Ó tún gbìyànjú. "Ọdẹ́..." Ìyókù ti bọ́, bí wọ́n ti wí. Ọkùnrin tó ti fojú di erin fi orí ti ilẹ̀kùn.

Ohùn náà rọlẹ̀ díẹ̀. "Ó dáa, jẹ́ kí n bi ọ́ léyìí tó rọrùn. Níbo lò ń lọ?"

Ó ti ní, "Ibì...", ó fi eyín gé ahọ́n ara rẹ̀ mọ́ ọn. "Ilé ni mò ń lọ."

"Ilé ta ni?"

"Ilé obìnrin kan."

"Kan? Padà lọ jókòó."

Háà! Inú tó ti ń bí Ọdẹ́jìnmí láti kékeré, ọjọ́ náà ló wúlò. "Ta ló ní kí n padà? Obìnrin tí mò ń wí yìí kì í ṣe kan! Kò sí ìkejì rẹ̀ láyé tó lè yọ ènìyàn lẹ́nu bẹ́ẹ̀! Bí mo bá gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, á ní níbo lẹ̀ ń lọ. Bí mo bá gbé tòsì, níbo lẹ̀ ń lọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di àádùn fún mi, ó ní kí òun lè mọ ibi tí òun ó máa kọjú sí... ó ní kí òun lè mọ..." Ibì kan ṣá ni òun fi dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Ibo wá ni obìnrin náà ń kọjú sí láti ọgọ́rin ọjọ́? "Àwẹ̀ró! Àwẹ̀ró ni! Ilé Àwẹ̀ró ìyá Ìbídùn ní Ìdí-Ahùn, ilé tí ikán ti jẹ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn rẹ̀ tí ewúrẹ́ fi ń gba ibẹ̀ wọlé, ibẹ̀ ni mò ń lọ, ṣílẹ̀kùn fún mi!"

Ilẹ̀kùn ṣí. Àtẹ́lẹwọ́ kan yọ síta, ojú wà láàárín rẹ̀, ó ń wò ó.

"Ó yá, máa lọ, Ọdẹ́jìnmí."

"O mọ orúkọ mi láti ìjọ́ yìí?"

"Iṣẹ́ mi ni mò ń ṣe," ni Akáọ̀nà wí, ó sì tẹ́ ọ̀nà sílẹ̀ fún un.

Ọjọ́ tí kókó okùn rẹ̀ pé àádọ́rùn-ún, tí iṣu titun yóò wọ ìlú gan-an, ló dé. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Àwọn ọdẹ ti wà nínú ilé rẹ̀, wọ́n ki ìbọn, wọ́n dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀kùn. Láníhùn ti dé fìlà. Àwẹ̀ró dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó di ọ̀pá ìdábùú mú.

Kó, kó, kó.

"Ta ni yẹn?" ni Àwẹ̀ró bi í.

Ẹsẹ̀ Ọdẹ́jìnmí wú, ebi ń pa á, ìbéèrè yẹn sì ti di ohun ẹ̀rù fún un. Ó rántí bí "èmi ni" ti já a kulẹ̀ lẹ́nu odi. Ó ní òun kò ní ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó tún ohùn ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀:

"Èmi Ọdẹ́jìnmí, ọmọ Ọdẹ́wọlé, ọmọ bíbí Ìdí-Ahùn, ọkọ Àwẹ̀ró, bàbá Ìbídùn, ẹni tí oyè Olúọdẹ kàn..."

Láníhùn kò lè pa ẹnu mọ́ mọ́. Ó rọra sọ pé, "Ìwin ni! Ta ló ń kì ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ara rẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu létí àwọn tó kù. Ìbọn gbéra. Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ ṣiyèméjì, nítorí láti ogún ọdún tí ọkùnrin yìí ti fẹ́ ẹ, kò dárúkọ ara rẹ̀ rí fún un lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó gbé ọwọ́ sókè sí àwọn ọdẹ. Ó tún bi í lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Mo ní ta ni?"

Sùúrù Ọdẹ́jìnmí tán. Ó fi ẹsẹ̀ halẹ̀. "Èmi ni jàre! Ta ni ì bá tún jẹ́?"

Ọ̀pá ìdábùú ti balẹ̀ kí ó tó parí rẹ̀. "Ọkọ mi nìyẹn!" ni Àwẹ̀ró ké, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. "Ẹ sọ ìbọn kalẹ̀, ọkọ mi nìyẹn!"

Bàbá Ọdẹ́yalé dìde, ó ṣí fìlà lórí Láníhùn láìwo ojú rẹ̀, ó sì bi Ọdẹ́jìnmí pé, "O rin ìrìn àdárìn, kí lo rí mọ̀ nípa ara rẹ?"

Ọdẹ́jìnmí jókòó lé ìloro, ó ń bọ́ bàtà. "Bàbá, mo kan ilẹ̀kùn méjì. Mo ní èmi ni lẹ́nu ọ̀kan, wọ́n ní èmi ta ni. Mo ní èmi ni níbí, wọ́n ṣílẹ̀kùn. N kò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fún mi lómi."

"Ilé làbọ̀ sinmi oko," ni Bàbá Ọdẹ́yalé wí, ó sì dé fìlà náà fún un lórí.

Láti ọjọ́ náà, bí Olúọdẹ Ọdẹ́jìnmí bá fẹ́ dìde lórí ẹní, kí Àwẹ̀ró tó la ẹnu ni yóò ti sọ pé, "Mò ń lọ sẹ́yìnkùlé, lápá ọ̀tún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ìbẹ́pẹ, mo fẹ́ da omi nù, n ó sì padà." Ó wá sú Àwẹ̀ró títí, ó ní ta ló bi yín.

Tìámíyù, o ṣì wà níbẹ̀? Ó yá, máa lọ. Ṣùgbọ́n dárúkọ ibẹ̀.

"Ẹ̀yìn ilé ni, Bàbá. Mo fẹ́ tọ̀ ni."

Ṣé o rí i? Kò pa ọ́. Sáré.

Ẹ̀yin tó kù, ẹ má ṣe bi mí bí mo ti ṣe mọ ohun tí wọ́n sọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn ọjọ́ náà. Bí ẹnikẹ́ni bá bi Ọdẹ́jìnmí níbo ló lọ, ọwọ́ ló máa ń fi bo ẹnu títí ó fi kú. Àwẹ̀ró, ẹni tó di ọ̀pá ìdábùú mú, ló yọ ọ́ lẹ́nu títí ó fi sọ fún un, òun náà sọ ọ́ fún Ìbídùn ọmọ rẹ̀. Ìbídùn sì sọ ọ́ fún mi níwájú ilẹ̀kùn kan náà tí ikán jẹ ní ìsàlẹ̀, nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé ìbọn tí mo fẹ́ jáde, tó bi mí níbo lò ń lọ. Ìbídùn ni ìyá tó bí mi.